Ohun Tó Dá Ìrìbọmi Estill Cornett Dúró

Estill Cornett, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ni ẹni àkọ́kọ́ ní àfonífojì Bearwallow tí ìjọ máa dá ìrìbọmi rẹ̀ dúró nítorí orin tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. Ní oṣù Kẹfà ọdún yìí ló ṣẹlẹ̀. Arminta, ìyàwó rẹ̀, kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ti bá a ní ìdáná níbi tó ti fi aṣọ ìnuwọ́ bo ẹnu, tí èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n.

Báńjò, ohun èlò orin olókùn tó jọ gìtá, ló fa gbogbo rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Estill nígbà tí bàbá rẹ̀, tó ń wa èédú lábẹ́ òkè, gbé báńjò lé e lọ́wọ́. Ẹ̀rọ ìwakùsà ti gba ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún bàbá náà ní ọdún yẹn. Ó ní, "Gbà. Ìka tó kù sí mi lọ́wọ́ kò tó báńjò ta mọ́. Ìwọ ní mẹ́wàá, imú lo sì ń fi wọ́n ro." Láti ọjọ́ náà ni Estill ti ń ta á. Ìka mẹ́ta péré ni irú orin tiwa, èyí tí wọ́n ń pè ní bluegrass, ń fẹ́ lọ́wọ́ ọ̀tún. Méjì tó kù, wọ́n kàn ń wòran ni.

Nígbà tó ń wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé, ìka mẹ́ta yìí kì í sinmi lórí sítíárìn. Àwọn ọmọ inú ọkọ̀ mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ ojú ọjọ́. Bí wọ́n bá rí i pé ìka ń sáré, wọ́n á di ìjókòó mú, torí pé wọn yóò dé ilé ìwé kí aago tó lù. Bí ìka bá ń rọra tẹ̀ ẹ́, kálukú á yọ ìwé jáde, á parí iṣẹ́ àṣetiléwá tí kò ṣe lánàá. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ti di ìyá àti bàbá báyìí. Wọ́n ṣì ń sọ pé Estill ló jẹ́ káwọn yege nínú ìṣirò.

Ohun kan ṣoṣo ló wà láàárín òun àti Arminta. Arminta ti wà nínú Ìjọ Onítẹ̀bọmi Àtijọ́ láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú. Nínú ilé ìjọ yẹn, kò sí dùùrù, kò sí gìtá, kò sí ohunkóhun tí ọwọ́ ń lù. Aṣáájú á ka ìlà orin kan, ìjọ á gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á fà á, wọ́n á yí i po, bí ìkùukùu ṣe ń gun òkè lówùúrọ̀. Kì í ṣe pé ìjọ kórìíra báńjò. Ohun tí ènìyàn bá ń ta ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, òun àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹnikẹ́ni kì í sì fi ipá mú ẹnìkan wọ inú omi. A máa ń dúró títí ọkàn ẹni náà yóò fi pè é, ọ̀pọ̀ ló sì jẹ́ pé orí funfun ni wọ́n gbé wọ odò.

Arminta dúró. Kò sọ̀rọ̀, kò yọ ọ́ lẹ́nu. Ohun tó ń ṣe ni pé, ní gbogbo ọjọ́ Àìkú kẹrin nínú oṣù tí ìjọ ń pàdé, á lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan fún Estill, á tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, á sì lọ sí ìjọ. Bó bá dé lọ́sàn-án, á gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà kọ́ padà.

Estill sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, Farris Blevins, nígbà kan pé, "Ó sàn kó bú mi. Ṣẹ́ẹ̀tì yẹn ń bá mi wí."

Farris ní, "Sun lé e lórí."

Farris yìí ló ń ta gìtá sí báńjò Estill láti ìgbà èwe wọn. Òun náà ló mú ọ̀rọ̀ àwo orin wá nígbà òtútù tó kọjá, lọ́jọ́ tí yìnyín sé wọn mọ́lé.

"Estill, a ti darúgbó. Bí a bá kú báyìí, àwọn ọmọ wa á rò pé ariwo lásán là ń pa látọjọ́ yìí."

"Ṣé kì í ṣe ariwo lásán ni?"

"Ariwo ni. Jẹ́ ká gbà á sílẹ̀."

Inú gáréèjì Farris ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí àna Farris yá wọn. Wọn kò kọrin kankan, báńjò àti gìtá nìkan ni. Orin àwọn bàbá ńlá wa ni wọ́n ta, èyí tí gbogbo àfonífojì mọ̀ láìmọ ẹni tó kọ́kọ́ ta á: "Adìyẹ Gorí Òrùlé," "Ẹṣin Ọlọ́lọ," "Yìnyín Òkè Pilgrim," àti irú wọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ta mọ́kànlá, ó rẹ̀ wọ́n, àyè kan ṣì kù lórí àwo. Bí Farris ti ń wá ife kọfí rẹ̀ kiri, ọwọ́ Estill bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun kan fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń rìn nínú òkùnkùn. Orin tí ìyá rẹ̀ máa ń kùn nígbà tó bá ń di ẹ̀wà sínú ìgò ni.

Farris dúró. "Estill, orin ìjọ nìyẹn. 'Ilé Tí Òtútù Kò Dé' nìyẹn."

"Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dà? Ṣé o gbọ́ 'Jésù' níbẹ̀? Ṣé o gbọ́ 'ọ̀run'?"

"Rárá."

"Kí lo wá ń pè ní orin ìjọ? Ohùn lásán ni. Ohùn kì í ṣe ọmọ ìjọ ẹnikẹ́ni."

Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló dúró sí, bóyá ọ̀rọ̀ ìbá má dà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n báńjò kò mọ bí wọ́n ti ń fa ohùn gùn. Bí o bá ta okùn rẹ̀, ohùn á dún, á sì kú lójú ẹsẹ̀, àfi kí o yára fi òmíràn dípò. Ẹni tó bá fẹ́ fi báńjò rọra ta orin dà bí ẹni tó fẹ́ fi ewúrẹ́ ro oko. Nígbà tí Estill yí orin náà po lẹ́ẹ̀kejì, ìka rẹ̀ ti ń rìn. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ń sáré, Farris ti gbá gìtá mú, ìyàwó Farris sì ti jáde láti ìdáná pẹ̀lú ọ̀bẹ ìbó-ànàmọ́ lọ́wọ́, ó ń fi gìgísẹ̀ lu ilẹ̀ gáréèjì. Wọ́n pè é ní "Orin Màmá" lára àwo, wọ́n fi ṣe ìkejìlá, wọ́n sì lọ jẹun.

Ilé epo tó wà ní ẹnu àfonífojì ni wọ́n ti tà á, lórí káńtà, láàárín ìgò ẹyin inú ọtí kíkan àti agolo ekòló àwọn apẹja. Kò pẹ́ tó fi tán pátá. Kò sí ilé tí kò ní in ní Bearwallow. Ṣùgbọ́n bí o bá bi àwọn ará ìjọ, ọ̀kankan nínú wọn kò rà á.

Ní oṣù Karùn-ún, Estill jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi okùn tuntun sí báńjò. Okùn náà já, ó sì nà án ní iwájú orí. Ó jókòó, omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó mọ̀ pé kì í ṣe okùn ló ń pa òun lẹ́kún. Ó gbé báńjò sílẹ̀, ó rìn lọ bá Arminta láàárín aporo ẹ̀wà.

"Arminta, ṣé ṣẹ́ẹ̀tì yẹn ṣì wà?"

Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ Arminta. Ó ní, "Ó wà."

Báyìí ló ṣe di pé Estill dìde níwájú ìjọ ní Sátidé kẹrin oṣù Kẹfà, ọjọ́ tí ìjọ fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìjọ kí Àìkú tó dé, tó sọ ohun tí Ọlọ́run ṣe nínú ọkàn rẹ̀. Ó sọ ọ́ tán, kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ gbẹ. Alàgbà Ballard Tackett, tó ń darí ìjọ, fi aṣọ nu ojú, ó sì béèrè ìbéèrè tí wọ́n máa ń béèrè kí wọ́n tó na ọwọ́ ìdàpọ̀ sí ènìyàn. Bí ẹyọ ẹnìkan ṣoṣo bá ní ẹ̀hónú, wọn kò ní na ọwọ́ náà.

"Ṣé àlàáfíà wà nínú ìjọ?"

Ìdákẹ́jẹ́ ni ìdáhùn tí wọ́n máa ń fún un. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ìjókòó kan dún ní apá àwọn obìnrin. Dosha Maggard, tó ti ń sún mọ́ àádọ́rùn-ún ọdún, tí ohùn rẹ̀ ń ṣáájú ohùn gbogbo obìnrin ìjọ, di ìjókòó iwájú rẹ̀ mú, ó sì dìde.

"Kò sí àlàáfíà lọ́dọ̀ tèmi."

Arminta mú ojú wolẹ̀. Alàgbà Ballard ní, "Arábìnrin Dosha, kí ni Estill ṣe yín?"

"Ó mọ̀. Ìkejìlá ni."

Níbẹ̀ ni alàgbà ti ṣàṣìṣe. Ó ní, "Ṣé èyí tó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó wá sáré?" Ó sọ ọ́ tán, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

Arákùnrin Lonzo dáhùn láti ẹ̀yìn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, alàgbà, èyí tó sáré láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìkọkànlá. Ìkejìlá ni—" Ìyàwó rẹ̀ wò ó, ó sì rántí pé àwọn kò ní àwo kankan nílé.

"Inú ọkọ̀ ọmọ mi ni mo ti gbọ́ ọ," Lonzo ní. "Ìbọ̀wọ́ mi ni mo ń wá níbẹ̀."

Obìnrin kan ní, "Èmi ń kọjá lójú fèrèsé ni."

"Fèrèsé ta?" ni ọkọ rẹ̀ béèrè. "Fèrèsé ilé wa ni!"

Alàgbà Ballard gbá orí tábìlì kí wọ́n tó dákẹ́. Ó ní bí Ìwé Mímọ́ ti wí ni kí wọ́n ṣe é: kí Estill lọ bá arábìnrin náà, òun nìkan, kí wọ́n yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn. Bó bá yanjú, kó padà wá ní oṣù Keje. Bí kò bá yanjú, kò sí odò fún un.

Estill rò pé òun mọ ẹ̀sùn náà. Gbogbo àfonífojì rò bẹ́ẹ̀. Ó fi báńjò ta orin Olúwa, èyí tó tún burú jù ni pé ó mú orin Olúwa sáré. Bó ti ń rò ó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù ń bà á. Arminta ṣe kéèkì onípele tí wọ́n fi ápù gbígbẹ sí láàárín, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Estill gbé e dé ẹnu ọ̀nà Dosha, ó sì gbé e padà.

"Ajá rẹ̀ ló ń wò mí níwòkuwò."

"Estill, ajá Dosha ti kú lọ́dún èṣí."

"Bóyá ìdí nìyẹn tó fi ń wò mí bẹ́ẹ̀."

"Gbé kéèkì yẹn lọ. Má sì jẹ nínú rẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo ti ka àwọn ipele rẹ̀."

Ó gbé e lọ. Dosha wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń já orí ẹ̀wà tútù sínú agbada. Kò wo kéèkì, ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí sún mọ́ Estill kó jókòó.

"Àǹtí Dosha, ẹ dákun, mo wá bẹ̀ yín. Kò yẹ kí n fi báńjò ta orin Olúwa."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin kọ́?"

"Mo ní kò sí àlàáfíà. Ṣé ẹnìkan bi mí nídìí? Ẹ̀yin ọkùnrin kì í béèrè. Ẹ kàn ń gbá tábìlì ni."

"Ṣé torí pé mo mú un sáré ni?"

"Kó sáré. Kó fò. Oníbáńjò ni ọ́, kí ni mo retí?" Ó gbé agbada sílẹ̀. "Ìlà kẹta, Estill. Ìlà kẹta!"

"Kí ló ṣe ìlà kẹta?"

"Ibi tí gbogbo wa ti ń sọ̀ kalẹ̀, o gun òkè lọ!"

Ó sọ ọ́ fún un pẹ̀lú ìbínú. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti ń kọ orin náà. Ní oṣù Karùn-ún, nígbà tí aṣáájú ka ìlà kẹta, tí Dosha la ẹnu, ọ̀fun rẹ̀ gun òkè fúnra rẹ̀. Àwọn obìnrin, tó ti mọ́ lára láti máa tẹ̀ lé e, gùn ún tẹ̀ lé e. Àwọn ọkùnrin dúró sísàlẹ̀. Orin là sí méjì bí igi ìdáná, alàgbà sì gbójú sókè wo òun, òun Dosha, bí ẹni wo ọmọ kékeré tó da omi sílẹ̀.

"Báńjò rẹ ti ba ọ̀fun mi jẹ́."

Estill rò ó. "Àǹtí Dosha, a jẹ́ pé ẹ ti gbọ́ ọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ."

"Òjò ló ń rọ̀ nígbà yẹn," ni Dosha wí. "Kí lo fẹ́ kí n máa ṣe nínú ilé?" Ó tún mú ẹ̀wà kan. "Jókòó dáadáa. Wàá kọ́ ọ bó ṣe wà lónìí."

Estill dìde.

"Níbo lò ń lọ?"

"Inú ọkọ̀. Kí n mú báńjò."

"Ẹnu ni kóo fi kọ ọ́."

Estill bẹ̀ ẹ́. Ó ní ohùn òun kò dára. Òótọ́ ló sọ. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo tó kọrin nínú bọ́ọ̀sì, ọmọ kékeré kan wá bá a níwájú, ó ní òun rò pé bíréèkì fẹ́ já. Dosha kò gbà. Ó ka ìlà kìn-ín-ní bí aṣáájú ti ń ka, Estill sì gbà á. Àwọn adìyẹ tó wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ jáde, wọ́n lọ dúró sí ìdí ọ̀nà. Ní òdìkejì odò, aládùúgbò gbé tẹlifóònù.

"Arminta, ọkọ rẹ ń ké ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Dosha. Ṣé ó ń nà án ni?"

"Jẹ́ kó nà án," ni Arminta wí, ó sì gbé tẹlifóònù sílẹ̀.

Wọ́n dé ìlà kẹta. Estill gun òkè. Dosha dá a padà. Ó tún gun òkè.

"Bí màmá mi ti ń kọ ọ́ nìyí," Estill wí. Òun náà ti ń bínú díẹ̀. "Ohunkóhun tí mo lè gbàgbé láyé, mi ò lè gbàgbé bó ti ń kọ ọ́."

"Ìyá rẹ!" Dosha da ẹ̀wà sílẹ̀. "Etí òsì Loverna kò gbọ́ràn láti kékeré. Ẹ̀gbẹ́ mi ló máa ń jókòó sí. Bí a bá ti fẹ́ dé ìlà kẹta, mo gbọ́dọ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó lè bá wa sọ̀ kalẹ̀. Nílé, kò sẹ́ni tó ń gún un. A jẹ́ pé òkè ló máa ń gùn lọ."

Ìyá Estill ti kú ju ogún ọdún lọ. Estill rí i lójú inú bó ti dúró ti ìgò ẹ̀wà, tó gun òkè níbi tí gbogbo ayé ti ń sọ̀ kalẹ̀, tínú rẹ̀ sì dùn. Àṣìṣe rẹ̀ ni etí òun tọ́jú láìjẹ́ kí ó bọ́, tí òun tún wá tẹ̀ ẹ́ sórí àwo fún gbogbo Bearwallow.

Dosha ṣa ẹ̀wà tó dà padà sínú agbada. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Àtìgbà tó ti lọ, kò sẹ́ni tí mo ń gún mọ́. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ìkejìlá rẹ yẹn, tó dé ibẹ̀, tó gun òkè, ìgbọ̀nwọ́ mi gún síta fúnra rẹ̀. Ìgò oyin bọ́ lórí tábìlì." Ó mi orí. "Ìdí nìyẹn tí mo fi tún un gbọ́. Tí mo tún tún un gbọ́."

"Ṣé kí n tún un ta? Farris lè gba òmíràn sílẹ̀, kí n sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀."

"Fọwọ́ kàn án, kí o rí mi." Dosha na ìka sí i. "Ti orí àwo, fi í sílẹ̀ fún Loverna. Ṣùgbọ́n bóo bá wọ ìjọ wa, nínú ilé ìjọ, wàá bá wa sọ̀ kalẹ̀."

"Màá bá yín sọ̀ kalẹ̀."

"Ó dáa. Tún un kọ. Láti ìlà kìn-ín-ní."

Wọ́n tún un kọ títí oòrùn fi fi òkè sílẹ̀. Nígbà tí Estill tó sọ̀ kalẹ̀ níbi tó yẹ, ohùn rẹ̀ kò ju ti àkèré lọ, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ ló wà. Dosha bù nínú kéèkì, ó ní ápù rẹ̀ kò tó, ó sì jẹ ẹ́ tán.

Sátidé kẹrin oṣù Keje pé, Estill tún dìde níwájú ìjọ. Alàgbà Ballard béèrè bóyá àlàáfíà wà, ó sì yí ojú sí apá àwọn obìnrin láìmọ̀. Dosha dìde.

"Àlàáfíà wà," ó wí, ó sì jókòó.

Arákùnrin Lonzo gbé ọwọ́ sókè. Ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá Estill àti Farris ń gbèrò àwo mìíràn, kì í ṣe pé òun fẹ́ rà á. Alàgbà ní ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọ, àti pé wọ́n á sọ fún un níta. Ìjọ tò, wọ́n ń na ọwọ́ sí Estill ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ti ń ṣe fún àlejò tó di ará ilé. Arminta ló kẹ́yìn. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, bí ìlànà ti wí, lẹ́yìn náà kò fi ọwọ́ náà sílẹ̀ mọ́. Àwọn tó kù bá jáde lọ wo ojú ọ̀run.

Òjò ti rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, odò kún, pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Alàgbà Ballard, tí kò fẹ́ kí omi gbé òun àti ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ pọ̀, ti sún ìrìbọmi síwájú. Farris, tí kì í wọ ìjọ kankan, ti ní òun yóò wá, ṣùgbọ́n orí bèbè lòun yóò dúró sí. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ìrìbọmi náà, ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, ní ibi tí odò Bearwallow ti tẹ̀ lábẹ́ afárá onígi. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó, kó gbé àga tirẹ̀ wá.